Ọ̀kan sí Mẹ́ta, Ọ̀kan nínú Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Réṣíò àti Ìdá

Ẹ mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin kan, kí ẹ pa á. Ní Ṣàgámù níbí, a kì í wá obì tì. Ẹ fi awẹ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, kí mẹ́ta tó kù wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ wò ó dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa réṣíò àti ìdá ti wà lọ́wọ́ yín báyìí.

Bí mo bá bi yín pé, “Báwo ni ti ọwọ́ ọ̀tún ṣe jẹ́ sí ti ọwọ́ òsì?”, ẹ ó ní ọ̀kan sí mẹ́ta. Bí mo bá tún ní, “Mélòó ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún nínú odindi obì?”, ẹ ó ní ọ̀kan nínú mẹ́rin. Obì ọ̀hún ò yí padà. Awẹ́ ọwọ́ yín ò dín, bẹ́ẹ̀ ni kò lé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yí padà: “sí” kúrò níbẹ̀, “nínú” sì bọ́ sípò rẹ̀. “Sí” gbé awẹ́ kan kojú mẹ́ta yòókù. “Nínú” ka gbogbo awẹ́ pọ̀, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún fúnra rẹ̀.

Réṣíò ni ti “sí”. A máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì olójú méjì láàárín: 1:3. Ìdá ni ti “nínú”, nọ́mbà kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀: 1/4. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, àṣìṣe tí mo sì ń rí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ á rí 1:3, á wá kọ 1/3 sílẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó dùn mí gan-an, nítorí èdè tí ọmọ náà ń sọ nílé ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún un kó tó dé kíláàsì rárá. A kàn kì í rán an létí ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fetí sí “sí” àti “nínú”

Bọ́ọ̀sì elérò 18 kan ń lọ láti Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti kún. Ọkùnrin 7 ló wà nínú rẹ̀, obìnrin 11. Réṣíò ọkùnrin sí obìnrin jẹ́ 7:11. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ ni nọ́mbà rẹ̀ ń ṣáájú. Bí ìbéèrè bá ní obìnrin sí ọkùnrin, 11:7 ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ìdá. Àwọn ọkùnrin jẹ́ 7 nínú 18, ìyẹn 7/18. Àwọn obìnrin jẹ́ 11/18. Níbo ni 18 ti wá? 7 àti 11 la rò pọ̀. Réṣíò kì í kọ àpapọ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹni tó bá fẹ́ ìdá ló máa rò ó jáde. Ọ̀nà kan sì wà tí ẹ lè fi yẹ ara yín wò: ẹ ro gbogbo ìdá náà pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó pé odindi kan. 7/18 àti 11/18 jẹ́ 18/18, ó pé. Bí tiyín bá lé tàbí bó bá dín, ẹ padà sẹ́yìn.

A tún lè gba òdìkejì. Apẹ̀rẹ̀ gbànja kan wà nílẹ̀, wọ́n ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ rẹ̀ ló funfun, ìyókù pupa. Bí 3 nínú 8 bá funfun, 5 nínú 8 ló pupa. Nítorí náà, funfun sí pupa jẹ́ 3:5. Ẹ rí i pé 8 ti pòórá kúrò lójú, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀: 3 àti 5 ló bí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára kúrò níbí. Ọmọ kan tó mọ̀wé dáadáa bi mí nígbà kan pé, “Àǹtí, ṣé 1/3 kò tiẹ̀ sí nínú obì yẹn rárá ni?” Ó wà níbẹ̀. Awẹ́ ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọwọ́ òsì: bí ẹ bá kó awẹ́ mẹ́ta ti òsì jọ, tí ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ó bá ti ọ̀tún dọ́gba. Èyí ló fi jẹ́ pé àwọn ìwé ìṣirò kan máa ń kọ 1:3 bíi 1/3, wọn ò sì purọ́. Wọ́n fi ìpín kan wé ìpín kejì ni, wọn ò fi í wé odindi. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá ti rí ìdá, ẹ bi í pé: “Ìdá kan nínú mẹ́ta ti kí ni?” Ti òsì ni 1/3. Ti odindi obì ni 1/4. Ẹni tí kò bá béèrè “ti kí ni” ló máa ń ko wọ́n pọ̀.

Ohun kan tún wà nínú èdè wa tó yẹ ká ṣọ́. A máa ń sọ pé “ìdá mẹ́ta”, ẹlòmíì á gbọ́ ọ sí 1/3, ẹlòmíì á gbọ́ ọ sí ìpín mẹ́ta odindi, bí ìgbà tí a bá ní “a pín in sí ìdá mẹ́ta”. Lójà, nídìí ilẹ̀ tàbí ogún, àìgbọ́yé kékeré yìí lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́ tán: “ìdá kan nínú mẹ́ta”, “ìdá méjì nínú mẹ́ta”. Kò gba àkókò.

Gbànja ní tirẹ̀, aláwẹ́ méjì ni. Bí ẹ bá pa á, ọ̀kan sí ọ̀kan ni, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún ọmọ tó bá sọ pé 1:2 ni ìdajì. Ìdajì ni 1:1.

Ìgbésẹ̀ 2: Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà

Ìyá àgbà mi ta gàrí. Bí mo bá tẹ̀ lé wọn lọ sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń jókòó sẹ́yìn àpò, mo sì ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n á ki kóńgò bọ inú gàrí, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á tún fi ọwọ́ òsì bu òmíràn lé e lórí títí tí yóò fi ga sókè ṣóńṣó tí yóò sì máa ṣàn bọ́ létí kóńgò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ènì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun po gàrí Ìjẹ̀bú kíkan àti gàrí pupa pọ̀, mẹ́ta sí ọ̀kan. Èmi ni wọ́n ní kí n wọn ọ́n. Mo wọn kóńgò gàrí kíkan mẹ́ta, mo sì pọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bí mo ṣe rí i kí wọ́n ṣe. Nígbà tó kan gàrí pupa, àpò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo bu kóńgò kan tó dọ́gba létí, kò ga. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n ní, “Kóńgò tìrẹ méjì ló wà níbẹ̀ o.” Kò yé mi nígbà náà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kóńgò tó ga àti kóńgò tó dọ́gba létí kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà, 3:1 tí mo pè é kì í ṣe 3:1. Bí ẹ bá fẹ́ ga, kí gbogbo rẹ̀ ga. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi nù ún létí, ẹ nu gbogbo rẹ̀. Ènì kò sí nínú réṣíò, ẹ̀yìn tí a bá wọn gbogbo rẹ̀ tán ló ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àkókò, owó àti gígùn. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí 2, ẹ má kọ 40:2. Wákàtí 2 jẹ́ ìṣẹ́jú 120, nítorí náà 40:120 ni, tó dín kù sí 1:3. Ààbọ̀ kóńgò sí kóńgò méjì: ẹ sọ ohun gbogbo di ààbọ̀. Ààbọ̀ kan sí ààbọ̀ mẹ́rin, 1:4.

Ìgbésẹ̀ 3: Dídín in kù, àti sísọ ọ́ di ìlọ́po

Réṣíò ń dín kù bí ìdá ṣe ń dín kù: ẹ wá nọ́mbà tó lè pín gbogbo wọn láìṣẹ́kù, kí ẹ fi pín wọn. 40:120, ẹ fi 40 pín méjèèjì. 12:18, ẹ fi 6 pín méjèèjì, 2:3. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan pín in kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń fi èyí kọ́ni ni ìkókorẹ́, nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹ máa ń lo ewùrà 2, síbí epo 4 àti ẹja 6 fún ènìyàn 6. Àlejò wá dé, ènìyàn 15 ni yóò jẹun. 15 sí 6 dín kù sí 5:2, ìyẹn ni pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ewùrà di 5, epo di síbí 10, ẹja di 15. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 2:4:6 dín kù sí 1:2:3, 5:10:15 náà dín kù sí 1:2:3. Ìkókorẹ́ kan náà ni, ìkòkò rẹ̀ ló tóbi sí i. (Iyọ̀ àti ata, ẹ má tẹ̀ lé nọ́mbà tán fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré, kí ẹ tọ́ ọ wò.)

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù níbí ni pé ìlọ́po ló ń pa réṣíò mọ́. Bí a bá kàn ro nǹkan kún un, ó bàjẹ́. Ènìyàn 9 ló fi lé sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá fi 9 kún ohun gbogbo, ewùrà á di 11, epo síbí 13, ẹja 15. Ẹ wo irú ìkókorẹ́ tí ìyẹn máa jẹ́: ewùrà ti pọ̀ ju epo tó yẹ kó bá a lọ. Nínú ìwé ọmọ iléèwé, àṣìṣe yìí kì í hàn sí ojú bó ṣe máa ń hàn nínú ìkòkò, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ́kọ́ gbé wọn lọ sídìí ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí a ṣe ń fi réṣíò pín owó

Ká ní obìnrin mẹ́ta kó owó jọ láti fi ra obì ní Rẹ́mọ kí wọ́n tún un tà fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí Òkè-Ọya. Ẹni àkọ́kọ́ mú ₦60,000 wá, ìkejì ₦90,000, ìkẹta ₦150,000. Èrè tí wọ́n jẹ jẹ́ ₦84,000. Wọ́n fẹ́ pín in bí oníkálùkù ṣe mú owó wá.

Ẹ kọ́kọ́ dín réṣíò owó wọn kù. Ẹ fi 30,000 pín gbogbo rẹ̀: 2:3:5. Ẹ ro ìpín pọ̀: 10. Ẹ fi 10 pín èrè: ìpín kan jẹ́ ₦8,400. Ó kù kí ẹ fún oníkálùkù ní iye ìpín rẹ̀: ìpín 2 jẹ́ ₦16,800, ìpín 3 jẹ́ ₦25,200, ìpín 5 jẹ́ ₦42,000. Ẹ ro ó pọ̀, ₦84,000 ló jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìdá lè gba ọ̀nà kejì: 2/10 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, 3/10 dúró bẹ́ẹ̀, 5/10 jẹ́ ìdajì. Ẹni tó mú ₦150,000 wá ló gba ìdajì èrè. Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì. Èmi fẹ́ràn ti “ìpín kan” jù, nítorí ẹni tí kò ka ìwé náà lè rí i lójú: a pín owó sí òkìtì mẹ́wàá tó dọ́gba, a sì ń gbé òkìtì fún ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ èyí tí wọ́n sọ fún yín, ṣé odindi ni àbí ìpín kan

Ibí yìí ni ọmọ tó ti mọ ìgbésẹ̀ kẹrin dáadáa ṣì máa ń kọsẹ̀. Onílẹ̀ àti àgbẹ̀ fi àdéhùn sí i pé àwọn yóò máa pín gàrí tó bá jáde nínú oko náà ní 1:2, onílẹ̀ 1, àgbẹ̀ 2. Àgbẹ̀ gbé àpò 46 lọ sílé. Àpò mélòó ni onílẹ̀ gbà?

Ọmọ á ro 1 àti 2 pọ̀, 3, á fẹ́ fi 3 pín 46, kò ní pín in tán, á wá máa wò suu. Ṣùgbọ́n 46 kì í ṣe odindi. Ti àgbẹ̀ nìkan ni, ìpín 2 sì ni àgbẹ̀ ní. Nítorí náà ẹ fi 2 pín 46: ìpín kan jẹ́ 23. Onílẹ̀ gba àpò 23. Odindi tó jáde jẹ́ 69, onílẹ̀ sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ gẹ́ẹ́.

Ìgbà mìíràn, ohun tí wọ́n sọ fún yín lè jẹ́ ìyàtọ̀. “A pín in ní 2:5, ti ẹnì kejì fi apẹ̀rẹ̀ 18 ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ.” Ìyàtọ̀ láàárín 2 àti 5 jẹ́ ìpín 3. Ìpín 3 ni apẹ̀rẹ̀ 18, ìpín kan jẹ́ 6. Ẹni àkọ́kọ́ ní 12, ẹnì kejì ní 30.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo la ń wá: mélòó ni ìpín kan? Ẹ wo nọ́mbà tí wọ́n fún yín, kí ẹ bi ara yín pé ìpín mélòó ló dúró fún, kí ẹ tó pín ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ 6: Kọnkéré

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni àìmọ ìyàtọ̀ “sí” àti “nínú” ti ń náni lówó gidi.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi ń mọ ọgbà yí ilé wọn ká ní Ìlíṣàn, wọ́n ní kí wọ́n po sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi gé bulọ́ọ̀kù ní ọ̀kan sí mẹ́fà. Ọmọ tó ń wọn ọ́n gbọ́ ọ̀kan, ó gbọ́ mẹ́fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pánù mẹ́fà lápapọ̀, sìmẹ́ǹtì kan nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé pánù sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn márùn-ún. Bulọ́ọ̀kù náà dára, kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti ṣírò kalẹ̀ tán nígbà tí bulọ́ọ̀kù ò tíì pé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó jí sìmẹ́ǹtì. Ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ gbé pánù 42 kalẹ̀. Bó bá jẹ́ 1:6, ìpín 7 ni gbogbo rẹ̀, sìmẹ́ǹtì jẹ́ ìdá kan nínú méje, pánù 6. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà, sìmẹ́ǹtì jẹ́ pánù 7. Nínú gbogbo pánù 42, pánù sìmẹ́ǹtì kan lọ láìnídìí. Lórí ọgbà odindi, ó di àpò. Òdìkejì rẹ̀ sì burú jù: ẹni tó bá fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà tí wọ́n wá po 1:6 fún un, bulọ́ọ̀kù tí kò lágbára tó bó ṣe fẹ́ ni yóò fi kọ́lé.

Kọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin, ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4. Ìpín 7 ni. Sìmẹ́ǹtì jẹ́ 1/7, yanrìn 2/7, òkúta 4/7. Pánù 21 á gba sìmẹ́ǹtì 3, yanrìn 6, òkúta 12.

Ṣùgbọ́n àpò la fi ń ra sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe pánù, ìgbésẹ̀ kejì sì ti sọ pé òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 gba àyè tó tó nǹkan bíi lítà 35. Fún àpò kan, yanrìn á jẹ́ lítà 70, òkúta lítà 140. Bí garawa yín bá jẹ́ lítà 20, yanrìn jẹ́ garawa mẹ́ta àti ààbọ̀, òkúta jẹ́ garawa méje. Kí garawa kún dọ́gba létí nígbà gbogbo. Èmi ò fọwọ́ sí kíka ṣọ́bìrì, nítorí ṣọ́bìrì tí a bu láàárọ̀ àti èyí tí a bu nígbà tó ti rẹni lọ́sàn-án kì í ga bákan náà.

Ohun kan wà tí yóò yà yín lẹ́nu bí ẹ bá ń wọn ọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́. Pánù 7 tó gbẹ kì í di pánù 7 kọnkéré. Yanrìn ń wọ àlàfo àárín òkúta, sìmẹ́ǹtì ń wọ àlàfo àárín yanrìn, nígbà tí ẹ bá sì fi omi pò ó tán, kì í pé pánù márùn-ún. Ẹ lè kà á sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Réṣíò ohun tí ẹ pò kò yí padà, odindi rẹ̀ ló fún pọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á ra ohun èlò tí kò ní tó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ èyí tó lágbára jù nínú àpòpọ̀ méjì, ẹ sọ réṣíò wọn di ìdá. Ẹnì kan ní 1:7 lòun ń pò, ẹnì kejì ní 2:15. Sìmẹ́ǹtì ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 1/8, tí a lè kọ bíi 2/16. Ti ẹnì kejì jẹ́ 2/17. Méjì nínú mẹ́rìndínlógún tóbi ju méjì nínú mẹ́tàdínlógún lọ. Ti ẹni àkọ́kọ́ ló ní sìmẹ́ǹtì jù. Bí ẹ bá kàn fi ojú wò ó, méjì lè dà bíi pé ó ju ọ̀kan lọ, ojú sì máa ń tanni níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Réṣíò tí kò ní odindi

Kì í ṣe gbogbo réṣíò ló ní odindi tó wúlò. Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, yí ilẹ̀ tó tó kìlómítà 40 láti àríwá sí gúúsù ká, àti nǹkan bíi kìlómítà 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. 40:35 dín kù sí 8:7. Ṣé a ó wá ro 8 àti 7 pọ̀ kó di 15? Fún kí ni? Gígùn àti ìbú kì í ṣe ìpín méjì nínú ohun kan, 15 kò túmọ̀ sí nǹkan kan níbí. Ohun tí a lè sọ ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́jọ ti gígùn rẹ̀, 7/8. Ẹ rántí ìbéèrè wa: “ti kí ni?” Ti gígùn ni.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yà á sórí ìwé. Bí sẹ̀ǹtímítà 1 bá dúró fún kìlómítà 5, àwòrán náà á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7. Kí ni réṣíò àwòrán sí ilẹ̀? Kì í ṣe 1:5. Kìlómítà 5 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 500,000, nítorí náà 1:500,000 ni.

Odi náà lápapọ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Lórí ìwé, ẹ gé òwú sẹ̀ǹtímítà 32. Ẹ wá gbìyànjú láti fi òwú náà yí àwòrán náà ká. Kódà bí ẹ bá gba etí àpótí 8 sí 7 náà yípo, sẹ̀ǹtímítà 30 péré ló máa gbà. Òwú ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín. Ìyẹn ni pé odi náà kò lọ tààrà, ó ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún bí ilẹ̀ ṣe gbé e lọ. Ojú àwọn ọmọ máa ń là níbí, nítorí réṣíò ló sọ fún wọn bí odi tí wọn ò tíì fojú rí ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ 8: Síso réṣíò méjì pọ̀

Èyí kò pọ̀. Ẹgbẹ́ kan ń múra fún Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọkùnrin sí obìnrin wọn jẹ́ 2:3. Obìnrin sí ọmọdé jẹ́ 4:5. Kí ni réṣíò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Obìnrin ló wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n 3 ni wọ́n pè é níbì kan, 4 níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ nọ́mbà kan náà. Nọ́mbà tó kéré jù tí 3 àti 4 lè pín láìṣẹ́kù ni 12. 2:3 di 8:12, 4:5 di 12:15. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 8:12:15. Ìpín 35 ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ènìyàn 70, ìpín kan jẹ́ ènìyàn 2: ọkùnrin 16, obìnrin 24, ọmọdé 30. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń sọ nọ́mbà ìsàlẹ̀ ìdá méjì di ọ̀kan kó tó rò wọ́n pọ̀ ti ṣe èyí rí, ohun kan náà ni.

Ẹ fi ìwọ̀nyí dán ara yín wò

Kí ẹ tó wo ìdáhùn, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè bóyá “sí” tàbí “nínú” ni ìbéèrè ń lò.

Èkíní: A pa obì aláwẹ́ márùn-ún, a fún bàbá ní awẹ́ méjì, ìyókù jẹ́ ti ìyá. Kí ni réṣíò bàbá sí ìyá, kí sì ni ìdá tí ìyá gbà nínú obì?

Èkejì: Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án àwọn ọmọ kíláàsì kan ló jẹ́ obìnrin. Kí ni réṣíò obìnrin sí ọkùnrin?

Ẹ̀kẹta: Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n pín owó ní 3:7. Ti àbúrò jẹ́ ₦13,500. Èló ni gbogbo owó náà?

Ẹ̀kẹrin: Wọ́n ní kí ẹ po sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ní 1:4. Pánù 30 ni gbogbo ohun tí ẹ nílò ní gbígbẹ. Pánù sìmẹ́ǹtì mélòó?

Ìdáhùn: Ti èkíní jẹ́ 2:3, ìyá sì gba 3/5. Ti èkejì jẹ́ 4:5, nítorí 5 nínú 9 ló kù fún ọkùnrin. Ní ẹ̀kẹta, ₦13,500 jẹ́ ìpín 3, ìpín kan jẹ́ ₦4,500, ìpín 10 jẹ́ ₦45,000. Ní ẹ̀kẹrin, ìpín 5 ni gbogbo rẹ̀, pánù sìmẹ́ǹtì 6. Bí ẹ bá rí 7 àti ààbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ ṣírò. Ẹ padà lọ mú obì yín.